Báwo ni àwọn onímọ̀ ṣe ń dá bakitéríà inú omi mọ̀ láì jẹ́ pé wọ́n sìn ín?

Bí wọ́n bá bu omi odò, tàbí omi ìdọ̀tí tó ṣàn wá láti inú ilé àwọn ará ìlú, lọ sí yàrá àyẹ̀wò, ìbéèrè kan ló máa ń ṣáájú: irú bakitéríà wo ló wà nínú rẹ̀? Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìdáhùn tí àwọn onímọ̀ ń rí fi lábùkù. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìlera ẹja inú odò, àti ti àwọn ènìyàn tó ń mu omi rẹ̀, wà lọ́wọ́ ìdáhùn náà.

Èyí tó hù nínú àwo kéré sí èyí tó wà nínú omi

Láti ìgbà ayé Robert Koch, onímọ̀ ìṣègùn ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ní nǹkan bíi ọdún 1880, ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé kí wọ́n kán omi díẹ̀ sórí oúnjẹ kan tó dì bí ẹ̀kọ nínú àwo pẹlẹbẹ. Wọn yóò wá dúró títí bakitéríà yóò fi bí sí i, tí ojú lásán yóò sì rí i.

Àmọ́ ọ̀pọ̀ bakitéríà kì í hù nínú àwo. Bí wọ́n bá ka iye tó hàn lábẹ́ awò amóhun-tóbi nínú omi odò tàbí ti òkun, tí wọ́n sì fi wé iye tó hù, èyí tó hù kì í sábà tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Awò náà nìkan kò sì lè sọ orúkọ wọn, nítorí pé bakitéríà jọra wọn púpọ̀: òmíràn rí bí ọ̀pá kékeré, òmíràn rí roboto.

Aró tó ń dá ìdílé mọ̀

Inú sẹ́ẹ̀lì gbogbo ẹ̀dá alààyè ni ráíbósóòmù wà, níbi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń ṣe purotéènì. Ní ọdún 1977, Carl Woese àti George Fox ní Amẹ́ríkà fi hàn pé bí àwọn lẹ́tà RNA inú ráíbósóòmù ṣe tò tẹ̀lé ara wọn lè sọ ìbátan tó wà láàárín ẹ̀dá kan àti òmíràn, gẹ́gẹ́ bí ilà ojú ṣe ń sọ ìdílé ẹni láyé àtijọ́.

Lórí ìmọ̀ yìí ni Edward DeLong, Gene Wickham àti Norman Pace gbé iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1989 kà. Wọ́n ṣe ègé DNA kúkúrú, tí lẹ́tà rẹ̀ kò ju nǹkan bí ogún lọ, tó bá apá kan RNA náà mu bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń bá àgádágodo mu. Wọ́n so aró tó ń tàn mọ́ ọn. Bí ègé yìí bá wọ inú sẹ́ẹ̀lì tó ní RNA tó bá a mu, yóò lẹ̀ mọ́ ọn. Bí kò bá rí i, wọn yóò fọ̀ ọ́ dànù. Lábẹ́ awò, kìkì ìdílé tí wọ́n ń wá ni yóò máa tàn yanran. FISH ni ìkékúrú orúkọ ọ̀nà yìí lédè Gẹ̀ẹ́sì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò kan ẹja rárá.

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ láì gba ìyìn

Nínú ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń fọ omi ìdọ̀tí, bakitéríà ló ń jẹ ẹ̀gbin inú omi náà. Lára ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ yọ kúrò ni fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Bí ó bá pọ̀ lódò, èéhù aláwọ̀ ewé yóò bo omi, atẹ́gùn inú rẹ̀ yóò tán, ẹja yóò sì kú.

Nǹkan bí ogún ọdún ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi gbà pé Acinetobacter ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, torí pé òun ló ń hù nínú àwo. Nígbà tí Michael Wagner, Rudolf Amann àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lo aró náà ní ìlú Munich, Jámánì, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, wọ́n rí i pé Acinetobacter kò tó nǹkan nínú ẹrọ̀fọ̀ ilé ìfọmi. Ẹlòmíràn tí kò hù nínú àwo ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1999, wọ́n sọ ọ́ ní “Candidatus Accumulibacter”. Candidatus ni wọ́n máa ń fi ṣáájú orúkọ bakitéríà tí ẹnikẹ́ni kò tíì lè dá sìn.

Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì ni pé ẹni tó ń bójú tó ilé ìfọmi gbọ́dọ̀ mọ òṣìṣẹ́ rẹ̀, kó tó lè mọ ìwọ̀n oúnjẹ àti atẹ́gùn tó yẹ ẹ́.

Ohun tó kan Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà

Nínú odò àti ọ̀sà, irú àṣìṣe kan náà lè gba ẹ̀mí. Ní Nàìjíríà lọ́dún 2021, ó lé ní 111,000 ènìyàn tí wọ́n fura sí pé wọ́n ní àrùn onígbáméjì, àwọn tó bá a lọ sì lé ní 3,600.

Vibrio cholerae ni bakitéríà tó ń fà á, inú omi ọ̀sà sì jẹ́ ilé rẹ̀. Ní ọdún 1982, Rita Colwell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ó lè wà láàyè síbẹ̀ kó má hù nínú àwo. Nítorí náà, àwo tó mọ́ kò fi dandan túmọ̀ sí omi tó mọ́. Lọ́wọ́ kejì, ọ̀pọ̀ Vibrio cholerae inú omi ni kò ní jíìnì tó ń ṣe májèlé àrùn náà. Àyẹ̀wò tó ń wá jíìnì yìí gan-an, bíi PCR tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ orúkọ rẹ̀ lásìkò àrùn Kòrónà, ló ń ya eléwu sọ́tọ̀ kúrò lára aláìléwu.

Ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Ègé DNA kì í rí ohun tí wọn kò rán an láti wá. Sẹ́ẹ̀lì tó ń sùn, tí ráíbósóòmù rẹ̀ kò pọ̀, lè má tàn dáadáa. PCR sì lè rí jíìnì bakitéríà tó ti kú. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń lo ọ̀nà yìí pọ̀ mọ́ àwo àtijọ́.

Àyẹ̀wò kì í sì í fọ omi. Bí ó bá ti fi ewu hàn, omi sísè, kiloríìnì àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó jìnnà sí kànga ló kù tí yóò dáàbò bo ará ilé.