Àwọn Afárá Àtijọ́ Ìtòsí Wa

Ẹ̀yin ará Ìdáàṣà, ẹ mọ òkè yín. Àwọn àlejò pàápàá mọ̀ ọ́n, nítorí wọ́n ń pe Dassa-Zoumè ní ìlú olókè 41. Láti ọdún 1954 ni àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà ti ń wá sí ihò àpáta Arigbo ní oṣù kẹjọ ọdọọdún. Wọ́n ń wo òkè, wọ́n ń wo àpáta. Ṣùgbọ́n ohun àtijọ́ mìíràn wà ní ìsàlẹ̀ tí gbogbo wa ń kọjá lára rẹ̀ láì wò ó. Èyí ni àwọn afárá ojú irin, ńlá àti kékeré.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa afárá igi. Láyé àtijọ́, bí odò bá kéré, àwọn baba wa a gé igi ńlá kan, wọn a gbé e dábùú odò náà. Bí odò bá tóbi bíi Zou tàbí Ouémé, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń sọdá, tàbí kí wọ́n dúró de ẹ̀ẹ̀rùn kí omi fà. Afárá igi kì í pẹ́. Òjò a rẹ ẹ́, oòrùn a là á, ikán a sì jẹ èyí tí ó kù. Ìdí nìyí tí ó fi ṣòro láti rí afárá igi àtijọ́ ní ilẹ̀ wa.

Ní òkèèrè, àwọn kan dá ọgbọ́n sí i. Wọ́n kọ́ òrùlé sórí afárá igi, wọ́n sì fi pákó gbá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ẹni kọ́ ilé. Ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé nítorí èrò ọ̀nà ni, kí òjò má baà pa wọ́n. Rárá o. Nítorí igi afárá náà ni. Ẹ rántí ilé alámọ̀: bí òrùlé bá wà lórí rẹ̀, ògiri a dúró; bí òrùlé bá ṣí, kò ní pẹ́ wó. Irú afárá bẹ́ẹ̀ kan wà ní ìlú Lucerne ní ilẹ̀ Switzerland. Láàárín ọdún 1300 sí 1400 ni wọ́n kọ́ ọ. Iná jó apá púpọ̀ nínú rẹ̀ ní ọdún 1993, àwọn ará ìlú sì tún un kọ́. Ní agbègbè Madison, ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà, 19 ni wọ́n kọ́. Mẹ́fà péré ló kù. Títì tuntun dé, àwọn ènìyàn pa afárá àtijọ́ tì, wọn kò sì mọ iyì rẹ̀ àfìgbà tí ó kù díẹ̀ kí ó tán.

Tiwa kò ní òrùlé, nítorí irin ni. Ní ọdún 1900 ni ìjọba Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà ojú irin láti Kútọnu. Wọ́n gba Bohicon, wọ́n sọdá odò Zou ní Atchérigbé, wọ́n dé Dassa, wọ́n kọjá sí Glazoué, wọ́n sọdá odò Ouémé, wọ́n sì dé Ṣábẹ ní nǹkan bí ọdún 1911. Ìgbà tí ó di àárín ọdún 1930 sí 1940 ni ó tó dé Parakou. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 438. Ó ti lé ní 100 ọdún, nígbà náà, tí ọkọ̀ ojú irin ti kọ́kọ́ sọdá odò méjèèjì yìí.

Ó rọrùn láti mọ bí afárá irin ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọwọ̀n ni ó ń gbé irin dúró. Ọwọ̀n náà gbọ́dọ̀ le, nítorí Ouémé tí ẹ rí tí omi rẹ̀ fà nínú ẹ̀ẹ̀rùn, òun náà ni ó ń kún tí ó ń gbé igi lọ ní oṣù kẹsàn-án. Irin a máa gùn díẹ̀ bí oòrùn bá mú un, a sì máa súnkì bí ó bá tutù. Nítorí náà wọ́n máa ń fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ ní ìdí rẹ̀. Kí ni ọ̀tá irin? Ìpẹtà ni. Ọ̀dà ni wọ́n sì fi ń dá ìpẹtà dúró. A lè sọ pé ọ̀dà ni òrùlé afárá irin. Bí wọn kò bá kùn ún mọ́, omi àti afẹ́fẹ́ a máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Lójú tèmi, àwọn kékeré gan-an ni a fojú fò jù. Àpáta kì í mu omi. Bí òjò bá rọ̀ sórí òkè, kíá ni omi ń ya wálẹ̀. Bí kò bá rí ọ̀nà gbà, yóò wó ilẹ̀ tí ojú irin wà lórí rẹ̀ lọ. Nítorí èyí ni wọ́n fi ń ṣe ihò omi àti afárá kúkúrú sí abẹ́ ọ̀nà. Ewúrẹ́ ń sá òjò síbẹ̀, àwọn ọmọdé ń ṣeré níbẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ń béèrè ọdún tí wọ́n kọ́ ọ.

Ta ni ó ṣe iṣẹ́ náà? Àwọn òyìnbó ni ó ya àwòrán rẹ̀. Ṣùgbọ́n ènìyàn dúdú ni ó gbẹ́ ilẹ̀, tí ó fọ́ òkúta, tí ó ru irin. Ní àkókò náà, ìjọba a pàṣẹ fún àwọn olóyè pé kí wọ́n mú ènìyàn wá, ẹni tí wọ́n mú kò sì lè kọ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 1946 ni òfin tó fòpin sí iṣẹ́ àfipáṣe jáde ní gbogbo ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso. Félix Houphouët-Boigny, ọmọ Côte d'Ivoire, ni ó gbé òfin náà lọ síwájú àwọn aṣòfin ní Paris. Àwọn tó kọ́ afárá wa ti kú. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn ni ó kù, àwọn náà sì ti darúgbó.

Lónìí, kò sí ọkọ̀ ojú irin tí ń kó èrò déédéé gba ọ̀nà náà mọ́. Koríko ti hù sórí ibòmíràn. Ibi tí ọkọ̀ kò gbà mọ́, a kì í pẹ́ gbàgbé rẹ̀, irin sì jẹ́ ohun tí ènìyàn lè tú tà.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ ìwé kà, ẹ lọ wo èyí tí ó súnmọ́ yín. Ẹ má ṣe gun orí afárá gíga o. Etí odò ni kí ẹ dúró sí. Lára àwọn afárá mìíràn, àwọn tó kọ́ ọ máa ń kọ ọdún tàbí orúkọ sára irin tàbí sára ọwọ̀n. Bí ẹ bá rí i, ẹ dà á kọ sínú ìwé yín bí ó ti wà. Lẹ́yìn náà, ẹ tọ àwọn ìyá àti bàbá àgbà lọ. Ẹ kí wọn dáadáa, kí ẹ tó béèrè. Ta ni nínú ẹbí wa tí wọ́n mú lọ ṣiṣẹ́ ojú irin? Ọjà wo ni ẹ̀yin fúnra yín ń tà fún àwọn èrò ọkọ̀? Èló ni owó ọkọ̀ láti ibí dé Kútọnu nígbà náà? Kí sì ni orúkọ ibi tí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ti ń kó ènìyàn sọdá kí afárá tó dé?