Wákàtí 17 Àbọ̀

Ìlà tó tẹ̀ lára bàtà Nike, tó jọ máàkì tí tíṣà ń fà sí ìdáhùn tí ọmọ bá gbà, akẹ́kọ̀ọ́ ló yà á. Carolyn Davidson lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ ìròyìn ló bá wọ Portland State University ní ìpínlẹ̀ Oregon, l'Amẹ́ríkà. Kọ́ọ̀sì kan ló ń wá tí yóò fi dí àlàfo, ló bá mú dìsáìnì. Bí ọkàn rẹ̀ ṣe kúrò nínú iṣẹ́ ìròyìn nìyẹn, tó di ọmọ gíráfíìkì.

Ní 1969, ó ń sọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iléèwé pé apá òun kò ká owó ohun èlò kíláàsì àwòrán ọlọ́dà. Phil Knight gbọ́. Olùkọ́ ìṣirò owó ni níbẹ̀, ó sì ní ilé iṣẹ́ kékeré kan, Blue Ribbon Sports, tó fi ń ta bàtà eré ìje láti Japan. Ó ní kí ọmọbìnrin náà wá máa bá òun ṣiṣẹ́, dọ́là 2 fún wákàtí kan.

Kí ni wọ́n gbé fún un? Ṣáàtì àti gíráàfù tí Knight fẹ́ fi han àwọn ará Japan nípàdé. Iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ọmọ dìsáìnì máa yímú sí nìyí. Síbẹ̀, lójú tèmi, ibẹ̀ ló ti di oníṣẹ́. Nínú kíláàsì, olùkọ́ mọ ohun tó ń béèrè. Oníbàárà kì í sábà mọ̀ ọ́n. Àfi kéèyàn fetí sílẹ̀, kó ti inú ọ̀rọ̀ tó ta kókó fa ohun tó fẹ́ yọ.

Irú rẹ̀ gan-an ló dé ní 1971. Knight fẹ́ àmì fún ẹ̀gbẹ́ bàtà tuntun tí wọ́n wá sọ ní Nike: kó jọ ohun tó ń sáré, kó má sì jọ ìlà mẹ́ta ti Adidas. Davidson ya bàtà sórí ìwé, ó tẹ́ ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e, ó fa ìlà, ó ká a kúrò, ó tẹ́ òmíràn. Ọgbọ́n yẹn wú mi lórí: ibi tí àmì náà yóò gbé ló ti ń wò ó. Nínú gbogbo èyí tó kó lọ, kò sí èyí tó wọ Knight lọ́kàn. Ó mú ọ̀kan, ó ní bóyá ojú òun á mọ́ ọn tó bá yá.

Wákàtí 17 àbọ̀ ni Davidson kọ sínú bíìlì rẹ̀. Dọ́là 35.

Ọ̀pọ̀ ń pe èyí ní ìrẹ́jẹ. Mi ò gbà. Iye tí wọ́n jọ fẹnu kò sí ni wọ́n san. Ohun tó ń ká mi lára ni pé títí dòní, akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ lẹ́tà àti àwọ̀ tò tán kó má mọ bí wọ́n ṣe ń bu iye lé iṣẹ́. Ṣé wákàtí la ó kà ni, àbí ibi tí àmì náà yóò dé?

Davidson ń bá wọn ṣiṣẹ́ lọ títí iṣẹ́ fi pọ̀ ju ọwọ́ ẹnì kan lọ. Ní 1983, Knight pè é wá jẹun. Ó fún un ní òrùka wúrà tí wọ́n fín àmì náà sí, pẹ̀lú dáyámọ́ǹdì lórí rẹ̀, àti àpòòwé kan tí ìwé ìpín-ìdókòwò Nike wà nínú rẹ̀.