Rédíò Ìléwọ́ fún Ìkéde Ààbò ní Ilé-Ifẹ̀: Èyí Tó Yẹ Kí Ẹ Rà

Ìwé ìlàlóye fún onílé, ayálégbé, oníṣòwò, akẹ́kọ̀ọ́ àti àgbẹ̀ tó ń gbé ní Ilé-Ifẹ̀ àti àwọn abúlé tó yí i ká

Nígbà tí rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Sábó ní oṣù Kẹta ọdún 2017, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kéde kónílé-ó-gbélé nílùú yìí. Nígbà ìwọ́de EndSARS ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, kónílé-ó-gbélé tún dé. Nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, wákàtí tí ìjọba dá lánàá lè yí padà lónìí, ẹni tí kò bá sì gbọ́ á kàn ṣàdédé bá àwọn agbófinró pàdé lójú títì ni.

Fóònù ni gbogbo wa gbójú lé. Ṣùgbọ́n fóònù fẹ́ iná, ó fẹ́ dátà, òpó nẹ́tíwọ̀kì náà sì ń fẹ́ kí ẹnìkan máa rọ dísẹ̀lì sí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀. Ní ọdún 2013, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kéde ìlú ò fararọ ní Borno, Yobe àti Adamawa, wọ́n pa nẹ́tíwọ̀kì fóònù níbẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, wọ́n ṣe irú rẹ̀ ní Zamfara. Rédíò alábátìrì kò bá wọn dákẹ́. Ìdí nìyí tí a fi ń rọ ìdílé kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n ní ọ̀kan nílé, kí wọ́n sì mọ irú èyí tí wọ́n máa rà.

Ṣé rédíò wà tó lè gbé ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́pàá?

Ìbéèrè yìí pọ̀, pàápàá lẹ́nu àwọn tí ọmọ wọn wà lókè òkun. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ará ìlú máa ń ra ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní skánà, wọ́n á máa fi gbọ́ bí ọlọ́pàá àti panápaná ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Lọ́hùn-ún pàápàá, ọ̀pọ̀ ìlú ti ń ti ìlẹ̀kùn yẹn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ìgbà tí àwọn ọlọ́pàá ti kó lọ sórí ètò tí wọ́n ń pè ní Airwave, skánà kò lè tú ọ̀rọ̀ wọn mọ́.

Níbí, ìdáhùn wa ni pé kí ẹ má wá a. Ìgbì FM parí sí 108 megahertz. Ìgbì tí wọkí-tọkí àwọn ọlọ́pàá, panápaná àti ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ń lò wà lókè ibẹ̀, láti nǹkan bíi 136 lọ sókè, rédíò lásán kò sì lè dé ibẹ̀. Oníṣòwò tó bá sọ fún yín pé rédíò òun ń gbé ọlọ́pàá, irọ́ ló ń tà, tàbí kó jẹ́ wọkí-tọkí gan-an ló ń tà. Wọkí-tọkí kékeré dúdú, irú Baofeng, wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lówó pọ́ọ́kú. Ó ń gbọ́, ṣùgbọ́n ó tún ń sọ, ìyẹn ló sì mú kó di ọ̀rọ̀ òfin: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lò ó láìgba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ NCC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀. Bí ọmọdé bá ṣèèṣì tẹ bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní àkókò tí panápaná ń wá ojú ilé tó ń jó, ariwo ọmọ yẹn lè bo ohùn ẹni tó ń júwe ọ̀nà. Bí wọ́n bá sì ká a mọ́ yín lọ́wọ́ níbi tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ti ń yẹ ọkọ̀ wò lóru, àlàyé á gùn.

Ohun tí àwọn agbófinró bá fẹ́ kí ará ìlú gbọ́, ilé iṣẹ́ rédíò ni wọ́n ń gbé e lọ. Rédíò tó ń gbé àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí dáadáa ni kí ẹ wá.

Ibùdó tí rédíò yín gbọ́dọ̀ gbé

Orísun FM, 89.5, tó jẹ́ ti OSBC, ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, wà ní Ilé-Ifẹ̀ níbí. Great FM, 94.5, ni ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Láti Òṣogbo, OSBC tún ní Living Spring FM lórí 104.5; Gold FM ti Radio Nigeria sì wà ní Iléṣà lórí 95.5.

Àárín òkè ni Ifẹ̀ wà, ìgbì FM kì í sì í fẹ́ gba inú òkè kọjá. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ àfonífojì fi lè máa gbọ́ Orísun ketekete, kí Òṣogbo sì máa ṣe hàà létí rẹ̀. Fún inú ìlú, FM tó. Fún ẹni tó ń sùn ní abúlé kòkó lọ́nà Ifẹ̀tẹ̀dó, ẹ ra èyí tó ní AM náà, nítorí ìgbì AM ń rìn jìnnà lóru. SW dára bó bá wà (Voice of Nigeria ń sọ Yorùbá lórí rẹ̀), ṣùgbọ́n ẹ má torí rẹ̀ fi owó kún owó.

Bátìrì ni ọ̀rọ̀ wà

Rédíò tó dùn tí kò ní bátìrì, ẹrù ilé ni. Oríṣi mẹ́ta ló pọ̀ lọ́jà.

Ti àkọ́kọ́ ń lo bátìrì rìbìtì ńlá méjì tàbí mẹ́ta, irú èyí tí àwọn àgbà ń fi sínú tọ́ọ̀ṣì. Ó wúwo, kò sì gbajúmọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ mọ́, ṣùgbọ́n òun là ń fọwọ́ sọ̀yà fún. Bí ẹ bá ń gbọ́ ọ fún wákàtí mélòó kan lójúmọ́, á bá yín lo ọ̀sẹ̀ púpọ̀, kò sì sí abúlé tí wọn kì í ti í tà á. Ìkejì ń lo bátìrì kékeré bí ìka ọwọ́. Ó fúyẹ́, ó sì tètè ń tán.

Ìkẹta ni èyí tí ẹ ń rí káàkiri báyìí, tó ń lo bátìrì pẹlẹbẹ BL-5C ti Nokia àtijọ́. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ẹ lè fi páwá báńkì gba iná sí i, àwọn atúnfóònùṣe sì ń ta bátìrì rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ayédèrú bátìrì yẹn pọ̀ bí iyanrìn. Bí ẹ bá rí i tó wú, ẹ yọ ọ́ kúrò, ẹ má sì tún gba iná sí i mọ́. Bó bá jẹ́ irú èyí lẹ fẹ́, ẹ wá èyí tó tún ní àyè fún bátìrì lásán, kí iná ọba má baà di ọ̀gá yín.

Sólà kékeré orí rédíò ń ṣèrànwọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò fẹ̀ ju ìka mẹ́ta lọ, oòrùn ọjọ́ kan gbáko lè má fi bátìrì náà kún. Ní ti àwọn rédíò tó ń tan iná aláràbarà tó sì ń kọrin láti inú mẹ́mọ́rì, ibi ayẹyẹ ni wọ́n yẹ. Iná yẹn ń mu bátìrì.

Bí ẹ bá fẹ́ tọ́jú rédíò pamọ́, ẹ yọ bátìrì rẹ̀. Omi tó ń jáde lára bátìrì tó ti kú ń jẹ irin ẹnu ibi tó jókòó sí, rédíò tó sì bàjẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣòroó tún ṣe.

Bí ẹ bá dé ọjà

Ẹ mú bátìrì tiyín dání lọ sí Odò Ògbè tàbí Lagere. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń tà á fi iná ṣọ́ọ̀bù dán an wò fún yín, torí kì í ṣe iná ṣọ́ọ̀bù lẹ máa lò lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ẹ jáde síta, ẹ fa irin éríà rẹ̀ dé òpin, ẹ wá 89.5, lẹ́yìn náà 94.5. Ètò tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ni kí ẹ fi dán an wò: orin máa ń bo àléébù sípíkà mọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu ló ń tú u fó. Ẹ gbé ohùn rẹ̀ sókè dópin. Bó bá ń gbọ̀n tàbí tó ń há, ẹ gbé e kalẹ̀. Ẹ ka orúkọ tó wà lára rẹ̀ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, nítorí “Panasoanic” kì í ṣe Panasonic.

Fún bàbá tàbí ìyá àgbà, ẹ ra èyí tó ní kókó méjì péré, ọ̀kan fún ohùn, ọ̀kan fún wíwá ibùdó. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ń hàn lójú gíláàsì máa ń da àwọn tí ojú wọn ti rẹ̀ láàmú. Ẹ wá 89.5 fún wọn, ẹ sì fi ọ̀dà èékánná pupa, àbí tépù, sàmì síbi tí abẹ́rẹ́ dúró sí.

Gbígbọ́ àti pípè

Bí ìròyìn ìkọlù tàbí kónílé-ó-gbélé bá dé orí WhatsApp, ẹ tan rédíò kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Bí ibùdó méjì bá ti sọ ọ́, ẹ lè gbà á gbọ́.

Rédíò kì í dáni lóhùn. Fún pàjáwìrì èyíkéyìí, ẹ pe 112. Fún ìjàǹbá ọkọ̀, ẹ pe FRSC, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, lórí 122. Ìpè méjèèjì kì í gba owó. Ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì sẹ́yìn rédíò náà kí ẹ tó gbé e sí yàrá.