Kí ló dé tí ọ̀dà fi ń bó nísàlẹ̀ ògiri ilé yín? Bí ẹ ṣe lè tún un ṣe rèé

Ọ̀pọ̀ onílé àti ayálégbé ní àwọn ìlú etíkun bí i Èkó, Port Harcourt àti Kútọnu ló mọ ìṣòro yìí. Ọ̀dà tí wọ́n kùn lọ́dún tó kọjá ti ń bó nísàlẹ̀ ògiri. Wọ́n á tún pe akunlé, owó á tún jáde, ògiri á sì tún bó. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá: omi ni kí ẹ kọ́kọ́ wá ojútùú sí.

Kí ló ń fà á?

Bulọ́ọ̀kù máa ń fa omi láti inú ilẹ̀ bí òwú fìtílà ṣe ń fa epo. Omi náà á gbé iyọ̀ inú ilẹ̀ dání. Nígbà tí omi bá gbẹ lójú ògiri, iyọ̀ á ṣẹ́kù bí lẹ́búlẹ́bú funfun, á sì máa ti ọ̀dà àti símẹ́ńtì síta.

Níbo ni omi ti ń wá?

Bí ọ̀rinrin kò bá ga ju nǹkan bí mítà kan lọ, ilẹ̀ ló sábà máa ń ti wá. Bí ó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ balùwẹ̀, ẹ yẹ páìpù wò. Bí ó bá wà lókè, ẹ yẹ òrùlé wò.

Àtúnṣe rẹ̀

• Ẹ kọ́kọ́ dí ibi tí omi ń gbà wọlé, kí ẹ sì pa iná mànàmáná apá ibẹ̀.

• Ẹ rọra kan ògiri. Ẹ ha ibi tó bá dún bí igbá òfìfo kúrò, kí ẹ sì kọjá ibi tí ọ̀rinrin dé.

• Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin gbá iyọ̀ kúrò. Ẹ má fi omi fọ̀ ọ́, kí iyọ̀ má baà yọ́ padà sínú ògiri.

• Ẹ jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló dára jù.

• Ẹ po símẹ́ńtì ìwọ̀n 1 mọ́ yanrìn ìwọ̀n 4 àti èròjà tí kì í jẹ́ kí omi wọlé, kí ẹ fi rẹ́ ògiri. Ẹ má lo yanrìn etí òkun, iyọ̀ wà nínú rẹ̀.

• Ẹ máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ 7, kí ẹ sì dúró tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4 kí ẹ tó kùn ún.

Bí kò bá sí ohun tó dí omi láàárín ìpìlẹ̀ àti ògiri, rírẹ́ nìkan kò tó. Oníṣẹ́ lè lu ihò wẹ́wẹ́ sísàlẹ̀ ògiri, kí ó sì fa kẹ́míkà tí ń dí omi sínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ẹwà ilé. Lọ́dún 2009, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kìlọ̀ pé ọ̀rinrin àti ohun dúdú tí ń hù lára ògiri ní í ṣe pẹ̀lú ikọ́ fée. Ẹni tó bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ́lé, kí ó tẹ́ ọ̀rá tó nípọn sí ibi tí àwọn bíríkìlà ń pè ní DPC. Owó rẹ̀ kò tó ti àtúnṣe.