Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ yín, ọ̀nà Kétu ò jìnnà

Èmi kì í ṣe eléré ìdárayá o, ẹ jẹ́ ká ti yanjú ìyẹn ná. Bí mo bá gun àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́ta, mo gbọ́dọ̀ dúró kí n mí. Kẹ̀kẹ́ ológeere tí mo ní, tòkunbọ̀ ni, gíá méjì péré ló sì ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu nínú méje. Síbẹ̀, lóṣù Kejìlá tó kọjá, mo gun kẹ̀kẹ́ yẹn láti Àjàṣẹ́, tí ìwé ń pè ní Porto-Novo, títí dé Kétu. Nǹkan bí 100 kìlómítà ni, ọjọ́ méjì ni mo sì fi ṣe é. Àwọn ọ̀rẹ́ mi l'Ékòó ní ó yẹ kí wọ́n gbé mi lọ yẹ orí wò.

Bàbá mi ló fà á. Ìmẹ́kọ ni wọ́n bí wọn sí, ará Kétu sì ni àwọn ará Ìmẹ́kọ tí ẹ bá wá gbòǹgbò wọn dáadáa. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ Raleigh bàbá wọn ni wọ́n máa ń jókòó sí tí wọ́n bá ń lọ wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu, nílé ẹ̀gbọ́n ìyá wọn. Àní nígbà tí wọ́n dàgbà, wọn ò jẹ́ kí ọdún méjì kọjá láìlọ. Nígbà tí ìjọba wá ti ibodè pa lóṣù Kẹjọ ọdún 2019, Bàbá ní àwọn á dúró kí wọ́n ṣí i. Ọdún 2022 ni wọ́n tó ṣí ti Ìdí-Ìrókò. Nígbà yẹn, orúnkún Bàbá ti sọ pé òun ò lọ ibì kankan mọ́. Wọ́n wá ní kí n lọ bá àwọn wo ilé náà, bóyá ẹnì kankan ṣì kù níbẹ̀ tó mọ̀ wọ́n.

Láti Ìmẹ́kọ ni ọ̀nà ti kúrú jù. Bàbá fúnra wọn ló ní kí n má dán an wò. “Ọ̀nà tí mo fi kẹ̀kẹ́ rìn lọ́mọ ọdún méje,” bí wọ́n ṣe wí nìyẹn, “ẹ̀rù ajínigbé ò ní jẹ́ kí ọmọ mi rìn ín lónìí.” Wọ́n dákẹ́. Èmi náà dákẹ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gba Sèmè, tí wọ́n so kẹ̀kẹ́ mi mọ́ orí ọkọ̀ bíi ewúrẹ́ ọdún. Àdéhùn ECOWAS ti 1979 ní ọmọ Nàìjíríà lè wọ Benin kó sì lo 90 ọjọ́ láìgba físà. Kò sọ ohunkóhun nípa kẹ̀kẹ́. Ní ibì kan tí mi ò ní dárúkọ, ọkùnrin kan ní kí n san owó “kẹ̀kẹ́ tó ń sọdá”. Mo san án. Ẹ má bú mi, ẹ̀yin náà ì bá san án.

Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo kúrò ní Àjàṣẹ́, ọyẹ́ ṣì bo ilẹ̀. Nínú ìgboro, àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n ń pè ní zémidjan ló ni títì, ẹ rọra. Ohun tó dùn mọ́ mi ni pé “kẹ̀kẹ́” tiwa yìí náà ni àwọn elédè Fọn àti Gùn ń pè é, nítorí náà kò sẹ́ni tí mo nílò láti túmọ̀ ara mi fún. Bí ilé ṣe ń dín kù, ọ̀nà á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe òkè tó ń pa èèyàn. Ilẹ̀ pupa, ọ̀pẹ lọ́tùn-ún, ọ̀pẹ lósì, ẹ̀gẹ́ láàárín. Lẹ́bàá ọ̀nà, àwọn ìyá kó epo bẹntiróòlù sínú ìgò sórí tábìlì bí ẹni tó ń ta òróró. Kpayo nìyẹn, epo Nàìjíríà tó gba ẹ̀yìn wọlé. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo lọ́dọ̀ wa ní 2023 ló ti wọ́n mọ́ wọn lọ́wọ́. Mo rẹ́rìn-ín, torí èmi ò ra ju omi lọ.

Ṣàkẹ́tẹ́ ni etí mi ti sinmi. Nǹkan bí 30 kìlómítà ni mo tíì rìn, àmọ́ ó dà bíi pé mo ti padà sílé. “Ẹ kú ìrìn o!” ni mo ń gbọ́ lọ́tùn-ún lósì. Ìyá kan tó ń ta àkàsà, ẹ̀kọ tiwa náà ni, bi mí pé ṣé ọkọ̀ ò sí níbi tí mo ti ń bọ̀ ni. Mo ní ó wà. Wọ́n wo kẹ̀kẹ́, wọ́n wo ẹsẹ̀ mi, wọ́n fi ẹja kan kún ti tẹ́lẹ̀. Wọn ò gbowó ẹ̀.

Táyà ẹ̀yìn jò kí n tó dé Pobè. Ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ọdún mẹ́tàlá lọ bá mi tú u, ó ti tíùbù bọ omi, ó rí ihò, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, gbogbo rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èmi tó ti wo fídíò mẹ́fà lórí YouTube kí n tó kúrò nílé, iná fóònù ni mo ń tàn sí i lójú ọ̀sán gangan. Pobè ni mo sùn. Ìlú ọ̀pẹ gidi ni, ilé iṣẹ́ ìwádìí nípa ọ̀pẹ ti wà níbẹ̀ láti 1922.

Ọjọ́ kejì ni ọ̀nà wá yí padà. Lẹ́yìn Pobè, ẹ ó sọ̀kalẹ̀ wọ àfonífojì kan tí ilẹ̀ rẹ̀ dúdú bí èédú. Lákòókò ẹ̀rùn ó ń sán wẹ́wẹ́. Tí òjò bá dé, ó ń di ẹrẹ̀ tó ń gba bàtà lẹ́sẹ̀ èèyàn. Àwọn Ọ̀họ̀rí ló ni ilẹ̀ yìí. Ẹrẹ̀ yẹn wà lára ohun tó gbà wọ́n lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ogun, àwọn náà ló sì kọjú ìjà sí Faransé ní 1914 sí 1915. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju, tí wọ́n jẹ́ ọmọ Ìmẹ́kọ, kọ ìwé kan jáde ní 1976 lórí bí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe pín ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá ní 1889. Inú rẹ̀ ni mo ti kà á pé àwọn èèyàn apá Faransé ń sá wá sí apá tiwa nítorí iṣẹ́ àfipáṣe àti kíkó ọmọ wọn ṣe sójà. Apá tiwa ni ibi ààbò nígbà náà. Mo rántí rẹ̀ níbi tí mo ti ń ti kẹ̀kẹ́ gòkè jáde kúrò nínú àfonífojì náà, àyà mi ń lù kìkì.

Torí ohun tó ń ṣe mí nìyí. Yàtọ̀ sí àwọn tírélà sìmẹ́ńtì ní agbègbè Onigbolo tí wọ́n da eruku bò mí, mi ò wẹ̀yìn wò nítorí ẹnikẹ́ni fún ọjọ́ méjì gbáko. Nígbà tí mo ṣàkíyèsí rẹ̀, mo dúró. Inú mi ò dùn, inú ló bí mi. Ìgbà wo lẹ gba ọ̀nà oko kẹ́yìn nílé láìgbàdúrà? Lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìgàngàn lóṣù Kẹfà 2021, ta ló fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ lọ wo Òkè Ògùn? Ilẹ̀ ibẹ̀ rẹwà ju èyí lọ, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mi ò sọ pé Benin ò ní ìṣòro o. Ní àríwá wọn lọ́hùn-ún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Niger àti Burkina Faso, àwọn agbébọn ń pa èèyàn, ẹ má gbé kẹ̀kẹ́ débẹ̀. Gúúsù ni mò ń sọ.

Faransé tó bá wọn fa ìlà yẹn, nílé tiwọn, wọ́n ṣe ọ̀nà kẹ̀kẹ́ kan tó tó 900 kìlómítà lẹ́bàá odò Loire. Abúlé tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ń rí owó oúnjẹ àti owó ibùsùn lára àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá. Àwa ò nílò tó bẹ́ẹ̀. Pátákó díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ títì tó fẹ̀ ju ẹsẹ̀ kan lọ, àti ibodè tí wọn ò ti ní gbowó kẹ̀kẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi owó oṣù mẹ́ta ya fọ́tò ní Dubai, owó àkàsà ni mò ń sọ níbí.

Mo dé Kétu nígbà tí oòrùn ń tutù. Ẹnubodè Akaba Ìdènà ni mo kọ́kọ́ lọ, ilẹ̀kùn àtijọ́ tí wọ́n fi ń dènà ogun, kí Dahomey tó fọ́ ìlú náà ní 1886. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ilé. Ẹni kẹrin tí mo bi ló mú mi lọ. Wọ́n ti fi páànù tuntun kan ilé náà, ṣùgbọ́n òun náà ni. Ìyá àgbà kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo dọ̀bálẹ̀, mo dárúkọ bàbá mi àti bàbá bàbá mi. Wọ́n ní, “Ọmọ oníkẹ̀kẹ́?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Mo pe Bàbá lórí WhatsApp, mo gbé fóònù fún wọn. Ìbínú ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀: ṣé o ti kú ni, ọdún mélòó, ta ló sọ fún ẹ pé ibodè lè ti ẹnu ẹ pa? Lódì kejì, mo ń gbọ́ tí bàbá mi ń tọrọ àforíjì bí ọmọ kékeré. Mo bọ́ síta, mo dorí kẹ̀kẹ́ kodò, torí táyà ẹ̀yìn ti tún ń jò. Nígbà tí wọ́n fi máa dá fóònù padà fún mi, ilẹ̀ ti ṣú, dátà mi sì ti tán.