Bí Oorun Bá Kọ̀, Ẹ Má Ṣe Bá A Jà

Kò sí àgbàlagbà kan tí kò mọ irú òru tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí. Gbogbo ilé ti pa rọ́rọ́. Ẹ̀rọ amúnáwá aládùúgbò ti dákẹ́, àwọn ajá ti gbó tán, ẹni tí a sì jọ sùn ti ń han-an-run. Ojú ẹnì kan ṣoṣo ni ó là sílẹ̀ kedere. Ó yí sí ọ̀tún, kò rí oorun. Ó yí sí òsì, kò bá a níbẹ̀. Ó wo aago, aago kan ni. Ó tún wò ó, aago méjì ti kọjá. Bí oorun sì ti ń jìnnà sí i ni ìrònú ń súnmọ́ ọn: owó ilé-ìwé àwọn ọmọ, gbèsè tí ó wà nílẹ̀, ọ̀rọ̀ gbígbóná tí ọ̀gá sọ sí i ní àná. Ní ọ̀sán, ìwọ̀nyí kò ju èèrà lọ. Ní ọ̀gànjọ́ òru, erin ni gbogbo wọn.

Olùkọ́ ni èmi tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, n ó sì jẹ́wọ́ ohun kan fún ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ní sáà ẹ̀kọ́ kan tí n kò rí oorun sùn dáadáa fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọmọdé kan nawọ́ sókè ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan láti bi mí léèrè ìdí tí ìdáhùn tí mo kọ sí ojú pátákó fi rí bẹ́ẹ̀. Ara ń kan mí, mo rò pé ó fẹ́ fi mí ṣe ẹlẹ́yà, mo sì nà án. Nígbà tí mo padà wo pátákó, mo rí i pé èmi ni mo ṣi ìṣirò náà ṣe. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò nawọ́ sókè mọ́ títí sáà náà fi parí. Ẹ̀gún ọ̀rọ̀ yìí kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Òun ni ó mú kí n máa wádìí ohun tí ó yẹ kí ènìyàn fi òru ṣe nígbà tí oorun bá kọ̀ ọ́ sílẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a mọ̀ ni pé oorun ní àkókò tirẹ̀ nínú ara, a kò sì lè fi ipá pè é. Ní ọdún 1729, onímọ̀ ará Faransé kan, Jean-Jacques d'Ortous de Mairan, gbé ewéko kan tí í ṣe irú patanmọ́ sínú òkùnkùn tí oòrùn kò lè dé. Gbogbo ọmọdé ni ó mọ̀ pé patanmọ́ a máa pa ewé rẹ̀ dé bí a bá fọwọ́ kàn án. A sì máa pa á dé pẹ̀lú nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Ohun ìyanu ni pé nínú òkùnkùn náà, ewé rẹ̀ ṣì ń ṣí ní ọ̀sán, ó sì ń pa dé ní alẹ́, bí ẹni pé aago kan wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 2017, àwọn ará Amẹ́ríkà mẹ́ta, Jeffrey Hall, Michael Rosbash àti Michael Young, gba Ẹ̀bùn Nobel nítorí pé wọ́n fi bí irú aago bẹ́ẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ hàn, lára àwọn eṣinṣin kéékèèké tí ń bà lé èso.

Àwa ènìyàn náà ní tiwa nínú ọpọlọ, ìmọ́lẹ̀ ni ó sì ń darí rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ọpọlọ a tú oje kan tí à ń pè ní mẹlatóníìn sínú ẹ̀jẹ̀ láti kéde pé alẹ́ ti lẹ́. Bí iná tí ó mọ́lẹ̀ gan-an bá tàn sí wa lójú, oje náà a dínkù. Nítorí náà, ẹni tí ó jí ní òru tí ó tan gbogbo iná ilé, tàbí tí ó tẹjú mọ́ tẹlifóònù rẹ̀, ń sọ fún ara rẹ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Àwa tí iná mànàmáná máa ń dé bá ní ọ̀gànjọ́, tí a ń dìde lọ aṣọ, tí a ń fa omi sínú táńkì, mọ bí ó ti ṣòro tó láti tún sùn lẹ́yìn náà.

Jíjí ní òru kì í ṣe àrùn fúnra rẹ̀. Òpìtàn ará Amẹ́ríkà, A. Roger Ekirch, fi hàn nínú ìwé kan tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 2005 pé ní ilẹ̀ Yúróòpù, kí iná òde òní tó dé, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń sùn lẹ́ẹ̀mejì lóru: wọn a sùn, wọn a jí fún ìgbà díẹ̀, wọn a gbàdúrà tàbí kí wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀, wọn a sì tún sùn. Ní ilẹ̀ tiwa, ìdájí ni àwọn àgbà fi ń jókòó lé ọ̀rọ̀ tí ó bá wúwo. Ìbẹ̀rù pé a kò ní lè sùn mọ́ ni ó ń sọ jíjí di ìyà.

Kí ni kí a ṣe, nígbà náà? Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ní ọdún 1972, Richard Bootzin, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, gbé ìlànà kan kalẹ̀ tí ó bá òwe yìí mu. Ó ní kí a fi ibùsùn sílẹ̀ fún oorun àti fún ọ̀rọ̀ tọkọtaya nìkan. Bí oorun kò bá tètè wá, kí a dìde kúrò níbẹ̀, kí a má sì padà títí oorun yóò fi kun ojú wa. Àwọn oníṣègùn òde òní a máa dá nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú fún ìdúró náà. Ṣùgbọ́n kí a fojú inú wọ̀n ọ́n ni, kí a yí ojú aago sí ògiri. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tí ó ń fi òròòru ro ìrònú lórí ẹní, ẹní náà yóò di ilé ìrònú fún un. Bí ó bá ti fẹ̀yìn lé e ni ojú rẹ̀ yóò là.

Bí a bá dìde, kí a tan iná kékeré tí kò mọ́lẹ̀ púpọ̀, kí a sì mú iṣẹ́ tí kò ní wàhálà nínú. Ní ti ìyá mi, ẹ̀gúsí ni wọ́n máa ń bó. Ní ọdún tí bàbá wa kú, mo máa ń gbọ́ ìró èèpo ẹ̀gúsí láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ọ̀gànjọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí yóò fi dákẹ́. Nígbà náà ni n ó mọ̀ pé wọ́n ti lọ sùn. Ọwọ́ ń ṣiṣẹ́, ọkàn ń sinmi. Ṣíṣa ẹ̀wà, rírán aṣọ tí ó tú àti híhun fìlà dára bákan náà. Ẹni tí ó fẹ́ràn ìwé, kí ó ka èyí tí ó ti kà rí, kí ó má baà máa lé òpin ìtàn kiri títí di àfẹ̀mọ́jú. Ẹni tí kò fẹ́ tan iná rárá lè máa ka oríkì ìdílé rẹ̀ sínú, tàbí kí ó pa àlọ́ ìgbà èwe rẹ̀ fún ara rẹ̀. Òru ṣá ni àkókò àlọ́ nílẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fa ìwé àwọn ọmọ yọ láti máa fi yíǹkì pupa sàmì sí i. Iṣẹ́ ọ̀sán ni.

Bí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ọ̀la ni kò jẹ́ kí a sùn, kí a kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ọdún 2018, Michael Scullin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Baylor ní Amẹ́ríkà tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní kí àwọn ọ̀dọ́ 57 fi ìṣẹ́jú márùn-ún kọ̀wé kí wọ́n tó sùn: àwọn kan kọ iṣẹ́ tí ó kù tí wọn yóò ṣe, àwọn yòókù kọ èyí tí wọ́n ti ṣe parí. Àwọn tí ó kọ iṣẹ́ tí ó kù fi nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án tètè sùn ju àwọn yòókù lọ. Ẹrù tí a bá ti sọ̀ kalẹ̀ sórí ìwé, orí kò tún ní rù ú mọ́.

Bí ara bá le gan-an, ìlànà tí dókítà Edmund Jacobson ti Amẹ́ríkà kọ ìwé lé lórí ní ọdún 1929 ṣì wúlò. Kí a fún iṣan ẹsẹ̀ pọ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí a sì dẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́. Kí a ṣe bẹ́ẹ̀ sí itan, sí ikùn, sí ọwọ́, sí èjìká, títí a ó fi dé iwájú orí. Kí a máa mí jáde pẹ́ ju bí a ti ń mí sínú lọ.

Ṣùgbọ́n láti ọ̀sán ni a ti ń múra òru. Kaféènì tí ó wà nínú kọfí àti tíì wà nínú obì tí a fi ń ṣe àlejò pẹ̀lú. Nǹkan bíi wákàtí márùn-ún lẹ́yìn tí a jẹ ẹ́, bí ìdajì rẹ̀ ṣì wà nínú ara ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹni tí ó bá jẹ obì ní àṣálẹ́, kí ó má ṣe di ẹ̀bi òru rẹ̀ ru ayé. Ọtí ńkọ́? Òótọ́ ni pé ó ń tètè kun ni lóorun, ṣùgbọ́n nígbà tí òru bá dé ìdajì, a máa gé oorun náà sí wẹ́wẹ́. Orí bíbẹ́ kì í ṣe oògùn orí fífọ́.

Bí àìrí-oorun-sùn bá ń ṣe ènìyàn ní òru mẹ́ta lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, ọ̀rọ̀ ti di ti dókítà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹni tí èémí rẹ̀ ń dá dúró nígbà tí ó ń han-an-run, tàbí ẹni tí ìbànújẹ́ ti mú kí ayé sú. Kí a má ra egbòogi oorun lọ́wọ́ oníkiri. Ní ọdún 2016, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà tí a ń pè ní American College of Physicians gbà wá nímọ̀ràn pé títún ìwà àti èrò nípa oorun ṣe ni kí a kọ́kọ́ fi wo àìrí-oorun-sùn tí ó ti pẹ́, kí a tó kan egbòogi.

Oòrùn àti oorun jọ ara wọn lẹ́nu, wọ́n sì jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Ẹni tí ó bá jí ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, tí ó sì jáde sí oòrùn òwúrọ̀, ń pe oorun alẹ́ ni. Kí a má rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. A ń pariwo pé àwọn ọmọ ni ọ̀la orílẹ̀-èdè yìí. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ìkanra olùkọ́ rẹ̀ ti pa ìbéèrè mọ́ lẹ́nu, ọ̀la wo ni yóò kọ́? Ojúṣe wa ni láti gbé ara tí ó ti sinmi wá síwájú wọn.

Nítorí náà, bí oorun bá kọ̀ ní alẹ́ òní, ẹ fẹ̀sọ̀ dìde, ẹ tan iná kékeré, ẹ fún ọwọ́ ní iṣẹ́. Bí ó ti wù kí òru gùn tó, ilẹ̀ yóò mọ́. Ó dàárọ̀ o.