Oorun Ọ̀sán Ìyá Ọlọ́mọ Tuntun

Ẹ̀yin ìyá wa àti ẹ̀yin ará ilé, bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ bá sùn lọ́sàn-án, ẹ má ṣe pè é ní ọ̀lẹ. Ọmọ tuntun a máa mu ọmú ní ìgbà 8 sí 12 láàárín wákàtí 24, kò sì mọ òru yàtọ̀ sí ọ̀sán. Ìgbàkígbà tí ó bá jí ni ìyá rẹ̀ ń jí. Nítorí náà, bí ọmọ bá sùn lọ́sàn-án, kí ìyá náà sùn. Kí ẹlòmíràn dáná, kí ó sì fọ aṣọ ọmọ. Bàbá ọmọ náà ní ọwọ́.

Ṣùgbọ́n oorun kan wà tí kì í ṣe ìsinmi. Ẹ kíyè sí ìyá tí ó ń dùbúlẹ̀ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí kò sì rí oorun sùn lóru bí ọmọ tilẹ̀ sùn. Tí oúnjẹ kò wù ú, tí ọmọ pàápàá kò mú inú rẹ̀ dùn. Ẹkún díẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìbímọ wọ́pọ̀, a sì máa lọ fúnra rẹ̀. Bí ó bá ju ọ̀sẹ̀ 2 lọ, ó lè jẹ́ àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ó sì ní ìtọ́jú. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má ṣe kọ́kọ́ máa wá ẹni tí ẹ rò pé ó ń ṣe é.

Bí ó bá ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tàbí tí ó ń sọ pé òun yóò pa ara òun tàbí ọmọ, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní abísínwín lè ti dé. Ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má sì fi òun àti ọmọ nìkan sílẹ̀.